Bí A Ṣe Ń Fi Àwòrán Tọ́ Ẹ̀mú Sọ́nà Láti Bu Ẹran Wò Lára Kókó Inú Ọkàn

Ojú ẹ̀rọ méjì ló máa ń wà níwájú wa ní yàrá tí a ti ń ki kátítà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kọjá, bọ inú ọkàn. Ọ̀kan jẹ́ ti X-ray tí ń rìn bíi sinimá: ó ń fi ẹ̀mú irin hàn kedere, ṣùgbọ́n kò rí kókó rárá, nítorí pé òjìji kan náà ni kókó, ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ọkàn jọ ń ní lójú rẹ̀. Èkejì jẹ́ ti ẹ̀kò: ó ń fi kókó hàn, ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ló ń gé hàn nínú ọkàn lẹ́ẹ̀kan, tí ó fi jẹ́ pé ó lè fi àárín igi ẹ̀mú hàn wá kí a sì rò pé ẹnu rẹ̀ ni a ń wò. Ibi tí ènìyàn bá ti gbà pé ọ̀kan nínú méjèèjì ti tó ni ọ̀ràn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ìlànà kan ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín rọ̀ mọ́: ẹ má ṣe pa ẹnu ẹ̀mú dé láìjẹ́ pé àwòrán méjèèjì ti fi ibi kan náà hàn yín. (Ẹ̀kò ni mo ń wí, ẹ̀rọ tí ń fi ohùn tí etí kò lè gbọ́ ya àwòrán, kì í ṣe ẹ̀kọ tí a fi ń jẹ mọ́ínmọ́ín.)

Mo kọ ọ́ fún ẹ̀yin dókítà tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ọkàn lọ́wọ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì yàrá kátítà àti ẹ̀yin tí ẹ ń di ẹ̀rọ ẹ̀kò mú, pàápàá ní ilẹ̀ Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú, níbi tí aláìsàn ti ń bi wá ní Yorùbá tí ó sì yẹ kí a dá a lóhùn ní Yorùbá tó gún. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń kà nínú ìwé kí ó sì lọ dá ṣe. Ẹni tí kò tíì ṣe é lábẹ́ ojú ọ̀gá, kí ó dúró ti ọ̀gá.

Kí ọ̀rọ̀ náà má baà fò lókè lásán, ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ: oníṣòwò obì ní Ṣágámù, ẹni ọdún 58, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ojú rẹ̀ ń wú láàárọ̀, tí iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta bí okùn, tí kò sì lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ mọ́ láìdúró mí. Ẹ̀kò àyà fi kókó kan hàn nínú yàrá òkè apá ọ̀tún ọkàn rẹ̀, pẹ̀lú omi nínú àpò tó bo ọkàn.

Ṣé ó tilẹ̀ yẹ kí a bu ú wò?

Ìbéèrè yìí ló gba ìrònú jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun sì ni àwọn ọ̀dọ́ dókítà máa ń sáré kọjá. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a rí i dájú pé kókó ni ohun tí a rí. Òkìtì ẹran kan wà lára ògiri yàrá òkè apá ọ̀tún tí a bí gbogbo ènìyàn mọ́, awẹ́ awọ kan sì wà ní ẹnu ibi tí iṣan ńlá láti ìsàlẹ̀ ara ti ń tú ẹ̀jẹ̀ sínú yàrá náà. Àwọn méjèèjì ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú rí. Ọ̀rá máa ń kóra jọ sínú ògiri tó pín yàrá òkè méjèèjì níyà, pàápàá lára àgbàlagbà tó sanra, yóò wú lápá méjèèjì, àárín rẹ̀ yóò sì wọnú. Kò sí èyí tó fẹ́ ẹ̀mú nínú wọn.

Ẹ̀jẹ̀ dídì náà tún ń bẹ. Ẹni tí wáyà ẹ̀rọ amọ́kànlù wà nínú ọkàn rẹ̀, tàbí tí wọ́n ń gba rọ́bà inú iṣan ọrùn fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí àìsàn kíndìnrín, lè ní ẹ̀jẹ̀ dídì tó rọ̀ mọ́ ibẹ̀ tí yóò jọ kókó gan-an. Ohun tó ń là wọ́n níyà jù ni oògùn àwọ̀ tí a ń fà sí iṣan nígbà tí a bá ń ya àwòrán MRI (èyí tí ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ya inú ara) tàbí CT (X-ray tí ń gé inú ara hàn ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ): kókó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, nítorí náà yóò mu àwọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dídì kò ní ibi tí yóò gbà mu ún. Bí ara aláìsàn bá gbà á, a lè fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a sì tún àwòrán yà. Bí ohun náà bá súnkì, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Bí ó bá wá jẹ́ kókó ní tòótọ́, ẹ bèèrè ibi tó dúró sí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn kókó tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkàn àgbàlagbà fúnra rẹ̀ ni myxoma. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ló sì ń wà ní yàrá òkè apá òsì, tí yóò fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan so mọ́ ògiri àárín, tí yóò máa jó lọ jó bọ̀ bí ọkàn ti ń lù. A kì í fi ẹ̀mú kàn án. Ó rọ̀ bíi jẹ́lì, ohun tó bá sì já kúrò ní apá òsì ọkàn, ọpọlọ, kíndìnrín tàbí ẹsẹ̀ ló ń lọ. Ọ̀nà tí rọpárọsẹ̀ ń gbà wọlé nìyẹn. Àwòrán rẹ̀ ti tó ẹ̀rí, oníṣẹ́ abẹ ni yóò yọ ọ́ lódindi. Bákan náà ni ti kókó kéékèèké tí ń hù lára fáàfù (ilẹ̀kùn inú ọkàn) bí òwú etí omi. Ti ọmọdé pẹ̀lú, èyí tó wọ́pọ̀ jù lára wọn, rhabdomyoma, sábà máa ń súnkì fúnra rẹ̀ bí ọmọ náà ti ń dàgbà.

Ibi tí bíbu-ẹran-wò ti wúlò ni apá ọ̀tún, nígbà tí kókó bá gbòòrò ní ìdí, tí ó ti di ògiri mú, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ jẹjẹrẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé ìtọ́jú kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ lymphoma, jẹjẹrẹ irú ẹ̀jẹ̀ funfun kan tí ń bá àrùn jà, oògùn ni a fi ń lé e, kò sí ìdí láti la àyà. Bí ó bá jẹ́ angiosarcoma, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkàn àgbàlagbà tó sì fẹ́ràn yàrá òkè apá ọ̀tún, a ó máa rò ó bóyá abẹ ṣì lè ká a. Bí ó bá sì jẹ́ pé ibòmíràn ni jẹjẹrẹ náà ti wá, ìtọ́jú ibi tó ti wá ni a ó tẹ̀ lé. Èyí tó ti ibòmíràn ràn dé ọkàn ju èyí tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó ju ogún.

Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ wá ibi tó rọrùn kí a tó ronú kan ọkàn. Ẹ fọwọ́ wá kókó ọrùn, ti abíyá àti ti ibi tí itan ti pàdé ikùn. Ẹ yẹ ọmú wò. Ẹ wo ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀dọ̀ lórí CT. Bí omi tó pọ̀ bá wà nínú àpò ọkàn, ẹ fa díẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ná. Ọ̀rọ̀ tí ìdáhùn rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá, kí la fẹ́ wá a lọ sínú ọkàn sí? Ní ti ìyá olóbì wa, kò sí kókó níbòmíràn, omi tí a fà kò sọ ohunkóhun, kókó náà gbòòrò ní ìdí, ó sì ti ń sún mọ́ ẹnu fáàfù. Ó yẹ kí a bu ú wò.

Ẹ kíyè sí ohun kan tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ láìròtẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń fura sí lymphoma, tí ẹ̀mí aláìsàn kò sì tíì wà nínú ewu ojú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe fún un ní oògùn sítẹ́rọ́ìdì bíi prednisolone tàbí dexamethasone ṣáájú. Oògùn yìí a máa yọ́ lymphoma débi pé ẹran tí a bá bù kò ní lè sọ irú ohun tó jẹ́ mọ́.

Àwòrán tó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀

Ẹni tí ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lóru láìmọ ọ̀nà ni ẹni tó wọ yàrá kátítà láìtíì ka CT tàbí MRI aláìsàn náà fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe gbára lé ìwé èsì nìkan, ẹ wo àwòrán. Ohun mẹ́rin ni mo máa ń wá. Ìkínní ni ibi tí kókó ti so mọ́ ògiri, àti bí ògiri náà ti nípọn tó. Ògiri yàrá òkè apá ọ̀tún kò ju nǹkan bíi mílímítà 2 lọ, nítorí náà ẹnu ẹ̀mú gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí kókó ti nípọn jù, kí ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ògiri ti dá wà. Ìkejì ni ibi tí kókó náà ti wà láàyè. Kókó ńlá a máa kú ní àárín, bíi iṣu tó ti rà nínú tí èèpo rẹ̀ ṣì le. Ibi tó mu oògùn àwọ̀ ni kí a bù, kì í ṣe ibi tó ṣókùnkùn. Ìkẹta ni ọ̀nà: ṣé iṣan ńlá láti òkè ara ṣí sílẹ̀, àbí kókó ti dí i? Ìyá tí ojú rẹ̀ ń wú láàárọ̀ gbọ́dọ̀ mú wa bèèrè èyí. Bí ọ̀nà òkè bá ti dí, itan ni a ó gbà. Ìkẹrin ni ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ọkàn fúnra rẹ̀, bóyá iṣan tí ń bọ́ ẹran ọkàn gba inú kókó náà kọjá.

Ẹ fi ẹ̀kò wá ihò nínú ògiri àárín yàrá òkè pẹ̀lú. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin nínú àwa àgbàlagbà ni ihò tí a bí wa mọ́ níbẹ̀ kò tíì dí tán. Bí ó bá wà, ohun tó bá já ní apá ọ̀tún lè bọ́ sí apá òsì, ewu ọpọlọ tí a rò pé a ti sá fún yóò sì padà wá bá wa.

Ìmúra

Ibi tí a ó ti ṣe é kò gbọdọ̀ jìnnà sí ẹni tó lè la àyà. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Ṣágámù, ti Yunifásítì Babcock tí a ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ọ̀nà tó wà láàárín wọn kò sì jìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà sínú àpò ọkàn, ọ̀nà tí kò jìn ti jìn. Inú ilé kan náà ni oníṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ wà, kí ó sì mọ̀ ṣáájú pé iṣẹ́ wà lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn gbọ́dọ̀ lè dì. INR rẹ̀ (iye tí ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ti ń pẹ́ tó kí ó tó dì hàn) kò gbọdọ̀ ju 1.5 lọ, platelet rẹ̀ (ẹyọ kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú kí ó dì) kò sì gbọdọ̀ dín ní 50,000. Bí ó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ni a ó dá a dúró, pẹ̀lú àṣẹ dókítà tó kọ ọ́ fún un. Ẹ ti pèsè ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu sílẹ̀. Kò ní jẹ oúnjẹ fún wákàtí 6, kò sì ní mu omi fún wákàtí 2. Ẹ sọ oúnjẹ náà lórúkọ. Bí ẹ bá ní "ẹ má jẹ nǹkan", ẹlòmíràn yóò ní ìkọ́kọrẹ́ díẹ̀ tí òun fi lo oògùn kì í ṣe oúnjẹ. Ti ìyá wa yìí tilẹ̀ tún ní tirẹ̀ nínú, nítorí pé obì kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, kò sì ka obì sí oúnjẹ rárá. Kaféènì inú obì sì ń mú kí ọkàn máa sáré. Ẹ ní kí ó fi obì sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Ìfọwọ́sí kọjá kí a na bébà sí ènìyàn. Báyìí ni mo ṣe máa ń sọ ọ́: "Màmá, ohun kan ń hù nínú ọkàn yín tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀. A kò tíì mọ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè mọ oògùn rẹ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀. A fẹ́ gba inú iṣan ọrùn tàbí itan yín wọlé, kí a bu díẹ̀ tí kò tó ẹyọ ìrẹsì kan, kí a lọ yẹ̀ ẹ́ wò. A kò ní yọ ọ́ lónìí o, a kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni." Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọmọ tó wà ní ìlú òyìnbó yóò tẹ̀ wá láago lálẹ́ láti bèèrè bóyá ẹ ti yọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ewu rẹ̀ láìfi bò: ògiri ọkàn lè lu, kí ẹ̀jẹ̀ kún inú àpò rẹ̀, ọkàn lè máa lù ségesège, ègé kókó tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì lè lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró, fáàfù lè fara pa, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí a bá bù kò ní tó láti fún wa ní ìdáhùn.

Iná ńkọ́? Kí ẹ tó fi aṣọ bo aláìsàn, ẹ ní kí wọ́n gé iná ìjọba fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi ojú ara yín rí i pé ínfátà gba ẹ̀rọ ẹ̀kò àti mọ́nítọ̀ láìkú, àti pé jẹnẹrétọ̀ gbé X-ray dìde padà. Ẹ ka ìṣẹ́jú tí X-ray fi padà bọ̀ sípò, kí gbogbo yín sì mọ̀ ọ́n. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀mú wà nínú, ọwọ́ dúró, ẹnu ẹ̀mú wà ní dídé, a ó sì fà á padà sínú àkọ̀ rẹ̀ (rọ́bà tí ẹ̀mú ń gba inú rẹ̀ wọlé) pẹ̀lú ojú ẹ̀kò nìkan.

Yíyan ẹ̀kò tí a ó lò

Ẹ̀kò àyà, èyí tí a ń gbé lé ìhà, rọrùn, kò sì ná ènìyàn ní nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n egungun àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń dí i lójú, ọwọ́ ẹni tí ń di í mú sì ń wọ ojú ọ̀nà X-ray. Ó wúlò nígbà tí kókó bá tóbi tí àyà aláìsàn sì fẹ́lẹ́.

Ẹ̀kò ọ̀nà-ọ̀fun, èyí tí aláìsàn ń gbé mì, ni mo fẹ́ràn jù fún kókó yàrá òkè, nítorí pé ẹ̀yìn ọkàn gan-an ló ń lọ dúró sí. Bí a bá yí ojú rẹ̀ sí nǹkan bíi dígírì 90 sí 110, a ó rí iṣan ńlá òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ lójú kan, pẹ̀lú yàrá òkè apá ọ̀tún láàárín wọn bí agboolé tó ní ẹnu ọ̀nà méjì. Wàhálà rẹ̀ ni pé aláìsàn gbọ́dọ̀ sùn tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn, ẹni tí omi sì wà nínú àpò ọkàn rẹ̀ tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti há lè ṣubú lulẹ̀ lójijì bí oògùn oorun bá wọ̀ ọ́ lára. Dókítà akunilóorun gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ó tó fa abẹ́rẹ́.

Ẹ̀kò inú-ọkàn ni ẹ̀kẹta: kátítà tí ẹ̀rọ ẹ̀kò wà ní orí rẹ̀, tí a ń gba itan tì wọ inú yàrá ọ̀tún. Kò nílò oorun àsùnwọra, aláìsàn yóò máa bá wa sọ̀rọ̀, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ó wọ́n púpọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹni tó bá ní owó rẹ̀, ẹ lò ó fún un.

Wíwọlé

Ẹ wọ ẹ̀wù òjé yín, ẹ fi ti ọrùn sí i. Ẹ fi ẹ̀kò kékeré wá iṣan ọrùn apá ọ̀tún, èyí tó lọ tààrà sínú ọkàn. Bí ẹ bá fi ojú ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, iṣan tí a ń wá yóò pẹlẹbẹ. Èyí tó bá dúró gan-an tó sì ń lù, iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ ni, ẹ má ṣe gún un. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tí ń pa ìrora sí awọ, ẹ jẹ́ kí orí bẹ́ẹ̀dì rẹlẹ̀ díẹ̀ bí aláìsàn bá lè fara dà á, kí iṣan kún, kí afẹ́fẹ́ má sì fà wọlé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà tí Sven-Ivar Seldinger ará Sweden kọ jáde ní 1953, tí a kò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ: abẹ́rẹ́ wọlé, wáyà gba inú abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ jáde, àkọ̀ gba orí wáyà. (Ọdún 1953 yẹn kan náà ni Inge Edler àti Hellmuth Hertz kọ́kọ́ fi ẹ̀kò wo ọkàn ní Lund, ní Sweden. Sakakibara àti Konno ní Japan ni wọ́n gbé ẹ̀mú inú ọkàn jáde ní 1962.)

Àkọ̀ tó gùn tí ó sì tẹ̀ ní orí ni kí ẹ lò, kì í ṣe kúkurú. French ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn fífẹ̀ rẹ̀: French 7 jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 2.3, nítorí pé French 3 ló jẹ́ mílímítà kan. Iṣẹ́ àkọ̀ gígùn ni pé ó ń dá ọ̀nà sílẹ̀: ẹ̀mú yóò lọ, yóò bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, láìfi ara ra fáàfù tàbí ògiri. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ padà nínú rẹ̀, ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹyọ afẹ́fẹ́ kan má ṣe kù níbẹ̀.

Bíbu ẹran náà

Kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, ẹ wọn omi inú àpò ọkàn lórí ẹ̀kò, ẹ kọ iye rẹ̀ sára pátákó. Ìyá wa ti ní omi níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ ti yọ tẹ́lẹ̀. Bí a kò bá kọ ìwọ̀n àárọ̀ sílẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò lè sọ ní ọ̀sán pé ó ti lé sí i.

Ẹ gbé orí àkọ̀ dé iwájú kókó, kí ó kù díẹ̀ kí ó kàn án. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí orí àkọ̀ wà lórí ẹ̀kò, ẹ po omi iyọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú sírínjì méjì títí yóò fi hó, kí ẹ sì ta á gba inú àkọ̀: ìhó funfun yóò tú jáde lójú ẹ̀kò ní ibi tí ẹnu rẹ̀ wà gan-an. A kì í ṣe èyí bí ihò bá wà nínú ògiri àárín.

Wàyí o, ẹ̀mú wọlé ní ẹnu dídé. Lórí X-ray, ẹ wò ó láti apá ọ̀tún ní dígírì 30, ẹ tún yí i wò láti apá òsì ní nǹkan bíi 45, nítorí pé ohun tó jọ pé ó wà láàárín ní ojú kan lè ti fara ti ògiri ní ojú kejì. Nígbà tí ẹ̀mú bá yọ orí síta nínú àkọ̀, ẹni tó di ẹ̀mú mú yóò dúró, yóò sì sọ fún ẹni tó di ẹ̀kò mú pé, "Wá mi." Òun kò gbọdọ̀ máa wá ẹ̀kò, ẹ̀kò ni yóò wá a. Ẹlẹ́kò yóò yí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìlà funfun náà yóò fi dópin, yóò sì tún yí i kọjá ibẹ̀ kí ó padà, láti mọ̀ pé òpin gidi nìyẹn, kì í ṣe ibi tí pẹlẹbẹ àwòrán ti gé e kúrú. Nígbà náà ni yóò ní, "Ṣí i." Ẹnu ẹ̀mú yóò ṣí, a ó sì rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ irin méjì tí wọ́n là bí ẹnu ẹyẹ. "Pa á dé." Méjèèjì yóò di ọ̀kan. Bí ẹ kò bá rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì kí wọ́n ṣí kí wọ́n sì pa, àárín igi ni ẹ ń wò. Ẹ wá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ó pẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, ẹ̀yin àgbà ẹ má bínú.

Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀mú nígbà tó ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ tì í síwájú pẹ̀lú ìka méjì, kì í ṣe pẹ̀lú agbára ọrùn ọwọ́, títí kókó yóò fi rọ́ díẹ̀ lójú ẹ̀kò. Kókó ló gbọ́dọ̀ rọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ògiri òde ọkàn ló ta síta bí àgọ́, ẹ fà sẹ́yìn kíákíá láìpa ẹnu dé. Bí ó bá jẹ́ kókó, ẹlẹ́kò yóò ní, "Ó wà nínú kókó". Ẹni tí ń wo X-ray yóò ní, "Kò yẹ̀". Ìgbà náà ni a ó pa ẹnu ẹ̀mú dé. Ẹ fà á díẹ̀. Bí ẹran ọkàn bá tẹ̀ lé e lódindi, tí ọkàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège lójú mọ́nítọ̀, ẹ tú u sílẹ̀. Ohun tí ẹ dì mú ju ohun tó yẹ lọ. Bí ó bá já wẹ́rẹ́, ẹ fà á wọ inú àkọ̀.

Ẹ tún omi àpò ọkàn wò kí ẹ tó lọ bu èkejì, kí ẹ sì fi fídíò ẹ̀kò kọ̀ọ̀kan pamọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Márùn-ún sí mẹ́fà ni mo máa ń bù bí ara aláìsàn bá gbà á, láti ibi tó yàtọ̀ síra lára kókó, pàápàá láti etí tó mu àwọ̀. Ọ̀kan tàbí méjì sábà máa ń jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì tó bo orí kókó.

Ẹran inú ìgò

Ẹ má ṣe fi ẹ̀mú kékeré mú ẹran náà. Ó máa ń fọ́, ẹran tó fọ́ sì máa ń purọ́ lójú máíkírósíkópù. Orí abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ẹ̀mú. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò lọ sínú fọ́málìn, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, tí fọ́málìn náà yóò pọ̀ ju ẹran lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá ó kéré tán. Bí ẹ bá ń fura sí lymphoma, ẹ ti bá ilé àyẹ̀wò sọ̀rọ̀ láti àná bóyá wọ́n fẹ́ ègé kan ní tútù láìsí fọ́málìn, àti bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Orúkọ aláìsàn, nọ́ńbà ìwé rẹ̀ àti nọ́ńbà ègé kọ̀ọ̀kan yóò wà lára ìgò fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára ìdérí, nítorí pé ìdérí máa ń pààrọ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ yọ àkọ̀, ẹ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbé orí aláìsàn sókè bí ó bá jẹ́ ọrùn ni ẹ gbà. Kí ó tó kúrò lórí tábìlì, ẹ̀kò kan. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ẹ̀kò mìíràn. Bí ó bá jẹ́ ọrùn, ẹ ya X-ray àyà rẹ̀, kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró kò lu.

Nọ́ọ̀sì ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ bí nǹkan bá ń bàjẹ́. Ìfúnpá tó ń lọ sílẹ̀, ọkàn tó ń sáré, òógùn tútù, aláìsàn tó ní "inú mi kò dùn mọ́ mi, ẹ gbé mi dìde": ẹ má ṣe dúró de dókítà kí ẹ tó fa ẹ̀rọ ẹ̀kò dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí omi àpò ọkàn bá ti ju iye tó wà lára pátákó lọ, tí yàrá apá ọ̀tún sì ń fún pọ̀, abẹ́rẹ́ tí a fi ń fa omi náà gbọ́dọ̀ ti wà ní ṣíṣí nítòsí, kí a fi ojú ẹ̀kò tọ́ ọ wọlé, kí a sì pe oníṣẹ́ abẹ.

Nígbà tí èsì bá dé, ó lè jẹ́ orúkọ tí a ń wá. Ó sì lè jẹ́ "ẹran tó ti kú àti ẹ̀jẹ̀ dídì." Ẹ má ṣe sọ fún ìyá náà pé kò sí nǹkan. Ẹ ṣí fídíò tí ẹ fi pamọ́, ẹ gbé nọ́ńbà ìgò kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ẹ wo ibi tí ẹnu ẹ̀mú ti pa dé gan-an lára kókó, kí ẹ sì fi wé MRI. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ àárín tó ti kú, a tún lè wọlé lẹ́ẹ̀kejì, kí a lọ sí etí. Bí ó bá jẹ́ pé etí tó wà láàyè ni a ti bù tí kò sì sọ nǹkan, ẹ̀mú ti ṣe tirẹ̀ tán. Ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ni ìwé ìyá náà ń lọ.